Ọrùn Méjì Tí A Gbé Lọ sí Kútọnu

Ẹ̀yin ará ilé, ó ti pẹ́ díẹ̀ tí a ti dé, síbẹ̀ ẹ ò yé béèrè aṣọ lọ́wọ́ mi. Gbogbo ẹni tó gbọ́ pé èmi àti ìkejì mi lọ sí Kútọnu ló rò pé a lọ rajà. Ìyá kan tiẹ̀ dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn, ó ní òun ò fẹ́ nǹkan ńlá, léèsì kékeré kan ni kí n yọ fún òun. Màmá mi, a ò ra léèsì. Ọrùn la gbé lọ, ọrùn náà la sì gbé bọ̀. Nígbà míì tí mo bá jókòó tí mo rò ó, mo máa ń sọ fún ara mi pé ì bá sàn ká lọ ra léèsì lóòótọ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ wá: èmi ni Táíwò, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé ní ilé ìwé girama kan ní Ayétòrò. Kẹ́hìndé ni ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlaró. Bí ẹ ò bá mọ ojú rẹ̀, ẹ ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Tó bá ń bá àwọn ọmọ wí ní àsẹ́ńbílì àárọ̀, àwọn tó ń ta àkàrà lójú títì á dáwọ́ dúró, wọ́n á rò pé àwọn ló ń bá wí. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn nígbà kan. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló fi sí, aláǹtakùn ló ń lò ó.

Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa: ẹ̀gbọ́n ló rán àbúrò pé kó jáde lọ wo bí ayé ṣe rí. Àwọn ìbejì míì ń fi ìyẹn ṣeré lásán. Kẹ́hìndé tèmi gbà á gbọ́ dọ́kàn. Láti kékeré, èmi ni mo ń kọ́kọ́ tọ́ oògùn wò, èmi ni mo ń kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ bọ odò, èmi ni mo sì kọ́kọ́ lọ́kọ kí òun tó gbà pé ọkọ níní kì í pani.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ọrùn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìkíni ló kọ́kọ́ mú wá. Nígbà tí ọrùn Kẹ́hìndé ń kún, kò sẹ́ni tó pè é ní àìsàn. Ọrùn tó kún, ẹwà ni lọ́dọ̀ wa. "Ọ̀gá, ara ti gbà yín o! Ọkọ yín ń tọ́jú yín." Télọ̀ rẹ̀ fi kún ọrùn aṣọ, ó sì fi oríyìn lé e. Èmi fúnra mi, nígbà tí mo rí i ní ọdún Àjíǹde, mo ní, "Kẹ́hìndé, ṣé o ń dá ẹran jẹ nílé yìí ni?" Ó na ọrùn sókè kí n lè rí i dáadáa.

Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya láàárín ọ̀rọ̀, bíi rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ. Iṣu ń há a lọ́fun. Dókítà kan ní Ìlaró fi skánì wo ọrùn náà, irú èyí tí wọ́n fi ń wo aboyún. Ó ní kókó kan ti jókòó sára ẹṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní tàírọ́ìdì, tó wà lábẹ́ gògóńgò, ẹṣẹ́ tó na apá méjèèjì bíi labalábá. Ìdí kókó náà ti wọ ẹ̀yìn egungun àyà, ojú skánì ò sì lè dé ibẹ̀. Ohun méjì ló ní kó ṣe. Kó lọ sínú ẹ̀rọ MRI, ẹ̀rọ olóòfà ńlá tó ń ya àwòrán inú ara, kí wọ́n lè rí ibi tí kókó náà dé. Lẹ́yìn náà, kó jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni.

Kẹ́hìndé gbọ́ ti ẹ̀rọ. Ti abẹ́rẹ́, ó di etí sí i.

"Ọ̀fun tí mo fi ń jẹun, tí mo fi ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n wá máa gún un bí ẹni ń wò bóyá iṣu ti jinná? Rárá o."

Kò sì fẹ́ kí ará ilé kankan mọ̀. "Bí wọ́n bá rí mi ní ilé ìwòsàn l'Ábẹ́òkúta láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á ti máa kọ orin ìdágbére fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì." Báyìí la ṣe kọjú sí Kútọnu, níbi tí ẹnì kan ò ti mọ̀ wá, tí èmi sì máa ṣe ògbufọ̀.

Lẹ́yìn Ìdìrókò

Ẹni tí kò bá kọjá Ìdìrókò rí lè rò pé ayé máa yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Kò yí. Ojú èèyàn kan náà ni, ewúrẹ́ kan náà ni, ilẹ̀ pupa kan náà ni. Búrẹ́dì nìkan ló bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Lẹ́yìn ìyẹn, etí rẹ á gbọ́ "bọ́nárifé" lọ́tùn-ún lósì, ìyẹn ẹ kú àbọ̀ tiwọn. Wọ́n ń kí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé, wọ́n sì ń kí ẹni tó lọ pọn omi dé.

A yà ní Àjàṣẹ́ láti jẹun. Obìnrin olóúnjẹ náà ń bu amíwó, ọkà àgbàdo tí wọ́n fi omi ata rò títí ó fi pupa, pẹ̀lú adìyẹ díndín. Ó gbé ojú sókè, ó rí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ló bá ju ṣíbí sílẹ̀.

"Hohoví!" ló ké sí àwọn aládùúgbò rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pe ìbejì nìyẹn lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀rín dé, àdúrà dé, ẹnì kan mú súìtì wá, ẹnì kan mú ọsàn wá, àwa obìnrin méjì tí ewú ti ń yọ lórí wa bọ́ sáàárín wọn bí ọmọ ọwọ́. Olóúnjẹ náà bu amíwó sínú àwo méjì, ó fi ojú wọ̀n wọ́n, ó bu díẹ̀ kúrò nínú èyí, ó fi kún ìyẹn. Adìyẹ tèmi tóbi ju ti Kẹ́hìndé lọ, ó yọ ọ́, ó wá èyí tó bá ti Kẹ́hìndé dọ́gba títí.

"Ìyá, ó ti tó," ni mo wí. "Èmi ò ní bá a jà."

"Ìwọ lè má bá a jà," ló fi Yorùbá tó ní orin Gùn, èdè àwọn Ègùn, nínú dá mi lóhùn. "Èmi ni ìbejì máa bá jà. Ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan, à ń ṣe é fún èkejì."

Kẹ́hìndé ń fi omi sin òkèlè kọ̀ọ̀kan lọ. Olóúnjẹ náà rí i, ojú rẹ̀ dé ọrùn ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rín rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Dusumáà," ló sọ, jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, mo ti sọ fún wọn pé "díẹ̀díẹ̀" ni. Àṣé wọ́n ń fi sọ "ẹ pẹ̀lẹ́" níbẹ̀ pẹ̀lú. Kẹ́hìndé, tí kò gbọ́ Faransé rárá, ló yé ṣáájú mi. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyá."

Ànàgó ni wọ́n

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń tú wa fó ní Kútọnu ni ariwo. Àwọn ará ibẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A ò tíì béèrè ọ̀nà tán tí gbogbo ojúlé ti yíjú, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ànàgó ni wọ́n." Orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá nìyẹn. Èmi a gbé Faransé mi jáde, Faransé tí mo lọ̀ dáadáa láti ilé, ọlọ́kadà tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò a gbọ́ mi tán, a wá fi Yorùbá dá mi lóhùn.

"Ṣé Faransé tí wọ́n ń torí ẹ̀ san owó oṣù fún ẹ nìyí?" Kẹ́hìndé ń fi mí ṣẹ̀sín. "Mo máa fẹjọ́ ẹ sun ìjọba."

A wọ̀ sí ilé àlejò kan tó kọjú sí ọ̀sà. Oúnjẹ ibẹ̀ tuni lára: ẹja tútù inú ọbẹ̀ tòmátì àti àlùbọ́sà, pẹ̀lú ábúló, àkàrà funfun rírọ̀ tí wọ́n fi ooru omi sè, tó dùn díẹ̀ lẹ́nu. Ábúló nìkan ló ń lọ geere lọ́fun Kẹ́hìndé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò, a jókòó, a ń wo àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tí wọ́n ń darí bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà ní ọrùn.

"Táyé, bí ohùn mi bá lọ, kí ni mo fẹ́ fi ṣe ọ̀gá? Kí n máa juwọ́ sí àwọn ọmọ?"

"Ohùn wo ló ń lọ? Ohùn tó ń dá àwọn alákàrà dúró?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Ikú ò bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Kí n wà láyé, kí ẹnì kan má gbọ́ mi, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

Nínú ihò

Dókítà tó gbà wá, ọmọ Kétu ni, obìnrin, Yorùbá rẹ̀ dà bíi ti Ìmẹ̀kọ gẹ́lẹ́. Inú wa dùn débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tó gbé wa wá. Ọkùnrin Gùn gíga kan ló ń darí ẹ̀rọ náà. Ó ní ká yọ yẹtí, òrùka, píìnì irun, àti gbogbo ohun tó bá ní irin lára, kódà kọ́mú, nítorí òòfà inú ẹ̀rọ náà kì í bá irin ṣeré.

Kẹ́hìndé dé ẹnu ọ̀nà, ó rí ẹ̀rọ náà: òrùka funfun ràgàjì kan, ihò láàárín rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń wọ inú ihò náà lọ. Ó dúró.

"Táyé, wọlé lọ wò ó."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo wojú rẹ̀, mo sì rí i pé kì í ṣe ẹ̀rín.

Ọkùnrin Gùn náà ṣàlàyé ní Faransé pé ọrùn ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń retí. Dókítà wò wá, ó fi ìka méjì tẹ ọrùn tèmi wò. "Ẹ jẹ́ kó wọlé," ló wí. "Ara kan náà ni. Mo fẹ́ rí ọrùn méjèèjì." Ọkùnrin náà mi orí. Ó ní òun náà bí ìbejì, òun mọ̀ pé irú ẹjọ́ yìí kì í tán.

Wọ́n tẹ́ mi sílẹ̀, wọ́n fi nǹkan kan tó dà bí àjàgà bo ọrùn mi, wọ́n fi òwú dí mi létí, wọ́n fi rọ́bà kékeré kan sí mi lọ́wọ́ pé tí mo bá fẹ́ jáde kí n fún un. Lẹ́yìn náà ni bẹ́ẹ̀dì gbé mi wọlé bí búrẹ́dì ṣe ń wọ ààrò. Wọ́n ní n má mira, n má gbé itọ́ mì, nítorí bí ọ̀fun bá gbéra, àwòrán á dà rú. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, itọ́ ò pọ̀ lẹ́nu mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀: gbàgà-gbàgà-gbàgà, ó dáwọ́ dúró, kììì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Òrùlé ihò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú mi. Mo di ojú, mo ń ka orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi, àwọn tó máa ń sùn ni mo kọ́kọ́ kà.

Mo jáde. Kẹ́hìndé ti dúró dè mí.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń kan páànù sórí ilé, tí wọ́n sì gbàgbé ẹ sínú àjà."

"Ó dùn ẹ́?"

"Kò dùn mí rárá."

Ó bọ́ bàtà, ó wọlé. Ọkùnrin Gùn náà sọ lẹ́yìn náà pé ọrùn Kẹ́hìndé dúró ju tèmi lọ, kò gbé itọ́ kankan mì. Kẹ́hìndé kàn ní, "Mo ti rí i pé ìwọ jáde láyọ̀ ni."

Àwòrán lè fura

Dókítà gbé àwòrán méjèèjì sójú kọ̀ǹpútà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, dúdú àti funfun.

"Táíwò, ẹ̀yin náà ní kókó," ló wí. "Kò ju kóró ẹ̀gúsí lọ, etí rẹ̀ mọ́ dáadáa. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń gbé irú rẹ̀ kiri láì mọ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ bà mí lẹ́rù."

Ẹ̀rù ba èmi ní tèmi. Mo gbé ọwọ́ lé ọrùn mi bí ẹni pé olè ti wọ ibẹ̀.

Ó yíjú sí Kẹ́hìndé. "Tiyín tóbi, ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn egungun àyà, ó fara ti ọ̀nà èémí. Ti títóbi kọ́ ló ń dààmú mi. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibí yìí. Etí rẹ̀ ò mọ́, ó ń ṣàn lọ bí ẹ̀kọ tí kò dì. Iṣan tó ń gbé ohùn ń gba ibẹ̀ kọjá."

"Ṣé jẹjẹrẹ ni?" Èmi ni mo béèrè.

"Àwòrán lè fura, kò lè búra. Abẹ́rẹ́ ló máa sọ. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa gbà á, ṣùgbọ́n tẹ̀gbọ́n ni mo ń kánjú sí."

Kẹ́hìndé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi, àkọ́kọ́ láti Ìlaró. "Àwa méjèèjì! Táyé náà ní in! Dókítà, ẹ ò rí i pé bí wọ́n ṣe dá wa nìyẹn? Ọrùn màmá wa kún títí wọ́n fi darúgbó. Táyé ń jẹ, ó ń sùn, ó ń pariwo káàkiri Kútọnu. Kí ló ṣe é?"

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé kókó kò jọ kókó. Mo rí i lójú ẹ̀gbọ́n mi pé àlàyé náà ò wọlé. Ohun tó ń wò ni àwòrán méjì tó jọra.

Abẹ́rẹ́

Mo mọ Kẹ́hìndé. Mo ní bí mo bá kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ náà, á tẹ̀ lé mi, bó ṣe tẹ̀ lé mi wọ odò, bó ṣe tẹ̀ lé mi wọ ihò òòfà. Mo na ọrùn. Abẹ́rẹ́ náà tín-ín-rín, kò dùn mí tó ìgbà tí wọ́n lu etí mi. Mo jáde, mo ń fò.

"Kò ju kí èèrà jáni lọ. Ó kàn ẹ́."

"O ṣeun," ló wí. "Jẹ́ ká gbọ́ ohun tí wọ́n máa rí ná."

A dúró de èsì. Àwọn ọjọ́ yẹn ló dùn jù nínú ìrìn-àjò náà, ìyẹn ló sì ń dùn mí. Ó ń jẹ ábúló, ó ń kọ́ àwọn obìnrin ilé àlejò ní orin àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń ya, ó ń fi ẹ̀rín bò ó. Nígbà tí dókítà pè wá tó ní kókó tèmi kò ní nǹkan burúkú kankan nínú, mo jó nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Kẹ́hìndé kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó dìde, ó ní ká lọ kó ẹrù.

Dókítà tẹ̀ lé wa dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ọrùn Táíwò nìkan ni èsì yìí wà fún. Ọrùn tiyín ò tíì sọ nǹkan kan fún wa."

"Dókítà mi, inú kan náà la ti jáde. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ara kan náà ni."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́." Ó mú ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

Mi ò rí dókítà tó ń bẹ aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí. Èmi náà bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Kẹ́hìndé, gba abẹ́rẹ́ yìí kí ọkàn wa lè balẹ̀."

"Ọkàn tèmi ti balẹ̀. Àbí o fẹ́ kó jẹ́ àìsàn dandan ni?"

Èmi tí mo ti fara mi hàn án pé kò sí nǹkan, kí ni mo tún fẹ́ fi hàn án? Nílé wa, Kẹ́hìndé ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. A kó ẹrù. Àwọn obìnrin ilé àlejò sìn wá dé ojú ọ̀nà, wọ́n ń kọ orin tó kọ́ wọn, jẹ́jẹ́, bí àṣà wọn.

Ìlaró

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń dúpẹ́ fún. Wọ́n kí i pé Kútọnu yẹ ẹ́, pé ọrùn rẹ̀ tún kún sí i.

Kí ọyẹ́ tó lọ, ohùn náà ti tín-ín-rín. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́ nítorí èémí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká lọ. Ilé ìwòsàn ńlá ni a gbé e lọ, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà á níbẹ̀, kò sì jiyàn. Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ kókó náà kúrò pátá, ẹ bá wa dúpẹ́. Àmọ́ ó ti dì mọ́ iṣan ohùn, wọ́n ní láti gé iṣan náà mọ́ ọn. Mo béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ bóyá ì bá yàtọ̀ ká ní a tètè wá. Ó ní òun ò lè búra. Ó wo ilẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Kẹ́hìndé ti fẹ̀yìn tì. Ó ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀, ara rẹ̀ le, ó ń jẹ iyán. Kò bá mi jà rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló mẹ́nu kàn án, a jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì ní láti tẹ etí sún mọ́ ọn.

"Táyé, gbogbo iṣẹ́ tí mo rán ẹ lo jẹ́. Èyí ni kò ṣeé rán."

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ohun tí mo mú bọ̀ láti Kútọnu, òun nìyí, mo fún yín lọ́fẹ̀ẹ́: bí wọ́n bá ní kí ẹ gba abẹ́rẹ́ sọ́rùn, ẹ gbà á sọ́rùn ara yín. Ẹ má wo tèmi. Ẹ má wo ti ẹnikẹ́ni.

Ó ṣì máa ń pè mí lórí fóònù nírọ̀lẹ́. Tó bá ti pè, mo máa pa tẹlifísọ̀n, mo máa ti fèrèsé nítorí ọ̀kadà, mo máa tẹ fóònù mọ́ etí. Ọkọ mi a béèrè láti ẹnu ọ̀nà yàrá pé kí ni Kẹ́hìndé wí. Mo máa na ọwọ́ sí i pé kó dákẹ́. Kẹ́hìndé ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.